Àwọn Arúgbó Etí Òkun Benidorm

Bí ẹ bá dé Benidorm ní ilẹ̀ Spéènì, ẹ ó rò pé ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni. Arúgbó wọn kún etí òkun bí ẹni ń ṣọdún, wọ́n ń yá oòrùn. Oòrùn kì í gbowó; dókítà ńkọ́?

Mo wádìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò gba fọ́ọ̀mù S1 láti ilé. Ìjọba rẹ̀ ni yóò san owó ìtọ́jú, wọn a sì fún un ní káàdì SIP bí ọmọ onílùú. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tí ì tó owó yẹn ni ìyọnu bá. Láti ọdún 2021, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kò lè gba ìwé ìgbélùú láìní inṣọ́ránsì ìlera tí ó kún rẹ́rẹ́, irú èyí tí aláìsàn kò ní í fi kọ́bọ̀ kún lọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn ọdún kan, ó lè bá ìjọba Spéènì ṣe àdéhùn ìtọ́jú: Yúrò 60 lóṣù. Bí ó bá pé ẹni ọdún 65, ó di 157! Owó oògùn kò sì sí nínú rẹ̀.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn, owó ìfẹ̀yìntì wọn ń bá wọn wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í máa lé sí i lọ́dọọdún bí ti ará Benidorm. S1 kò sì dé Nàìjíríà. Àpò ara wọn ni dókítà yóò wò.