Àwòrán tó ṣú bàìbàì, ta lẹ rí níbẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé "kí lò ń kà gan-an tí PhD ẹ ò fi tán?", ìdáhùn rèé. Ó nídìí tó fi jẹ́ òní ni mò ń kọ ọ́, ẹ máa rí i tó bá yá.

Ojú èèyàn ni mò ń kà: bí ọpọlọ ṣe ń wo ojú tó fi mọ̀ pé Túndé nìyí, kì í ṣe Wálé. Apá tèmi nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní spatial frequency. Kí orúkọ yẹn má dẹ́rù bà yín. Ẹ rántí ẹtù tí àwọn bàbá wa fi ń dá agbádá. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ máa rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lára aró. Ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀, ìlà yẹn á pòórá, aṣọ dúdú lásán lẹ máa rí. Àmọ́ aṣọ òkè tí ìlà ẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ lè rí i láti òdìkejì gbọ̀ngàn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra, frequency tó ga nìyẹn. Èyí tó fẹ̀, frequency tó wálẹ̀. Gbogbo àwòrán ló ní méjèèjì nínú, àtèyí tó wà láàárín wọn. Ní ojú èèyàn, irun ìpéǹpéjú wà lára ti òkè. Bí orí ṣe rí àti ibi tí ojú ti ṣókùnkùn wà lára ti ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwòrán bá ṣe mọ́ tó la ṣe máa dá ẹni inú ẹ̀ mọ̀ tó. Rárá o. Ní 1973, Leon Harmon àti Bela Julesz ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà mú àwòrán Abraham Lincoln, wọ́n sọ ọ́ di igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi táìsì ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ò ní mọ ohun tó jẹ́. Ẹ pa ojú dé díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, Lincoln á yọ sí yín. Etí àwọn igun yẹn ló ń dí wa lọ́wọ́: ìlà tó mú ni wọ́n, tí kò sí lójú Lincoln rárá, wọ́n wá bo èyí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Sọ àwòrán náà di bàìbàì sí i, ìdíwọ́ yẹn á lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Salvador Dalí lára débi tó fi ya tiẹ̀ ní 1976. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, Gala ìyàwó ẹ̀ ló ń wo òkun. Láti mítà 20, Lincoln ni. (Ẹ dán an wò lórí WhatsApp. Tí network bá ti sọ ojú ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ di igun-igun, ẹ má sún mọ́ fóònù, ẹ gbé e jìnnà.)

Níbo wá ni "ta nìyí" wà? Ọ̀pọ̀ ìwádìí ní àárín ló wà: nǹkan bí ìgbà 8 sí 16 tí dúdú àti funfun bá ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ ojú kan dé ìkejì. Èmi sha fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn torí pé ó kéré. Kámẹ́rà olówó ńlá tó ń ka ihò ara èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbí.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá rèé. Ní 1999, Mike Burton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Scotland fi fídíò CCTV tí ò mọ́ han àwọn èèyàn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló wà nínú ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ wọ́n dá wọn mọ̀ wẹ́rẹ́. Àwọn tí ò mọ̀ wọ́n rí ò ṣe dáadáa, àwọn ọlọ́pàá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ò sì sàn jù wọ́n lọ. Fídíò kan náà o! Ẹni tó ń wò ó ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá yín á fi tọ́ka sí yín nínú fọ́tò tẹ́ ẹ yà ní pírámárì, tó ti ṣá, tójú gbogbo yín ò sì ju hóró ẹ̀wà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé àwòrán CCTV ilé ìtajà kan sórí group àwa ọmọ Yorùbá tìlú yìí. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ó dé fìlà, ó ṣú bàìbàì. Kó tó di alẹ́, èèyàn mẹ́ta ti dárúkọ ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Wọ́n wá ní, "Dókítà ojú, ṣé òun kọ́?" Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ìgbà mélòó ni wọ́n ti rí ọmọ yìí. Ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjì tó kù, profile picture ẹ̀ ni wọ́n mọ̀! Mo ní kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò, admin sì yọ ọ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ lọmọ yìí ní o. Gbogbo wa la mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ tí ọlọ́pàá bá kanlẹ̀kùn ẹ̀.

Ẹnì kan ní ká fi sí kọ̀ǹpútà, pé ìyẹn ò ní ṣàṣìṣe. Ẹ béèrè ní Detroit. January 2020, ọlọ́pàá lọ mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níwájú ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà ní òun ló wà nínú àwòrán ṣíṣú tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kan yà. Òun kọ́ o. Ó di June 2024 kí ọlọ́pàá Detroit tó gbà nínú àdéhùn pé àwọn ò ní máa torí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nìkan mú èèyàn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo fi àwòrán ọ̀hún ránṣẹ́ sáwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbélé pẹ̀lú ọmọ Ìbàdàn yẹn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kíá làwọn méjèèjì dáhùn: òun kọ́. Mo ní kí ni wọ́n rí. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Ojú ẹ̀ kọ́ sha."