Ẹ̀wà Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tó bá fi òjò àkọ́rọ̀ gbin ẹ̀wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo yóò rí ewé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ yóò máa jẹrà kó tó gbẹ. Ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án ló dáa. Òjò àrọ̀kúrò á mú un dàgbà, ọ̀gbẹlẹ̀ á sì bá wa mú èso rẹ̀ gbẹ.

*

Irú ẹ̀wà tí IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tọ́jú pamọ́ sí Ìbàdàn lé ní 15,000. Méjì péré ló kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: èyí tó ń dúró àti èyí tó ń fà nílẹ̀. Èyí tó ń dúró ni kí ẹni tí kò ní ju àpò ìrẹsì tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ lọ wá.

*

Ẹ̀wà ọjà lè hù, ó sì lè má hù. Ka ẹyọ 10, fi aṣọ tútù wé e. Bí 8 bá lalẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, irúgbìn gidi ni. Sọ méjì-méjì sínú ihò tí kò jìn ju ínṣì méjì lọ.

*

Bó bá ń hù, ìlàjì méjèèjì ẹ̀wà tí a gbìn ló máa ń jáde sókè ilẹ̀. Oúnjẹ tí ọ̀gbìn náà yóò kọ́kọ́ jẹ wà nínú wọn. Adìyẹ àdúgbò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè wá nǹkan bò ó.

*

Fa ìdí kan tu, kí o wo gbòǹgbò rẹ̀. Wàá rí kókó wẹ́wẹ́. Bó o bá la ọ̀kan tí inú rẹ̀ pọ́n, a jẹ́ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún un. Ẹni tó tún lọ da ìgbẹ́ adìyẹ lé e lórí, ewé ni yóò kórè.

*

Òdòdó ẹ̀wà ń ṣí ní ìdájí, ó ń padé kó tó di ọ̀sán. Kò fi dandan dúró de oyin, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó náà fúnra rẹ̀ ló fi ń so.

*

Èèrà lórí ẹ̀wà kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo. Omi dídùn kan wà nítòsí òdòdó tí wọ́n ń wá lá. Ṣùgbọ́n yí ewé padà: bí kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ bá ṣù mọ́ abẹ́ rẹ̀, àwọn ni èèrà ń sìn. Omi ọṣẹ ló kàn.

*

Kòkòrò Maruca máa ń so òdòdó pọ̀ mọ́ ewé, á wá jókòó sínú rẹ̀ máa jẹun. Nítorí rẹ̀ ni Nàìjíríà ṣe fọwọ́ sí SAMPEA 20-T, irú ẹ̀wà tó ń kojú rẹ̀, lọ́dún 2019. Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó bá ń tú ibi tí ewé ti lẹ̀ pọ̀ láràárọ̀ lè fọwọ́ ṣà á.

*

Èso kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà; èyí tó bá gbẹ ni ká máa ká. Láti oko ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà gbígbẹ ti lè yé ẹyin sí i. Sá a dáadáa, rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, dé e pa. Atẹ́gùn á tán nínú rẹ̀, kòkòrò á kú. Kí irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ní kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má baà fi se mọ́ínmọ́ín.