Ọjọ́ Tí Mo Fagi Lé Kàká

Ìgbà mọ́kànlá ni orúkọ náà jẹ yọ nínú ìtàn ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà mọ́kànlá náà ni mo sì fi bírò pupa fagi lé e. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó jókòó kà á.

Márùn-ún ni wá. Láti ọdún tó kọjá la ti ń kọ ìtàn kéékèèké ní èdè Yorùbá, tí a ń ka ti ara wa, tí a sì ń sọ fún ara wa ibi tó dùn àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Irú ìtàn yìí ni wọ́n ń pè ní flash fiction lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí ìwé kan tí James Thomas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1992 sọ di gbajúmọ̀. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kó gùn tó ọ̀rọ̀ 1,000. Tiwa kò gbọ́dọ̀ ju 300 lọ, nítorí pé orí fóònù la ti ń kọ ọ́, àti pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ka ojú ewé mẹ́wàá nígbà tí ìdánwò bá ti ń kanlẹ̀kùn. (Ẹ má rò pé kíkúrú rẹ̀ mú un rọrùn o. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ 300 sin òkú kan, kí ó sì tún pín ogún rẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ.) Ọ̀kan nínú wa ń fojú sí Àtẹ́lẹwọ́, ẹgbẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa yòókù kàn ń kọ ọ́ nítorí pé ó ń dùn mọ́ wa ni.

Bí ẹnì kan bá kọ tiẹ̀ tán, á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan, a ó mú un lọ sílé, a ó fi bírò kọ èrò wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá di Sátidé, a ó pàdé.

Èmi ni mo mú òfin kan wá. Mo ti kà nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ ní 1936. Ẹni tó kọ ìtàn á jókòó, á dákẹ́, àwọn yòókù á máa sọ̀rọ̀ lé ìtàn rẹ̀ lórí bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìtàn gbọ́dọ̀ dá dúró: òǹkọ̀wé kò lè máa tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ kiri kó máa ṣàlàyé fún olùkà. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ó tiẹ̀ tún jọ ẹ̀kọ́ ilé, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ wa, pé bí wọ́n bá ń bá ọ wí, o ò gbọ́dọ̀ fèsì?

Ọ̀rẹ́ mi yìí, ọmọ Gàmbàrí ni. Fún àǹfààní ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìlọrin, Gàmbàrí jẹ́ ọ̀kan nínú àdúgbò mẹ́rin tó ní Balógun tirẹ̀ lábẹ́ Ẹ́míà. Fúlàní, Alánàmú àti Ajíkòbì ni mẹ́ta yòókù. Orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn Hausa ni àdúgbò náà ń jẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ni orírun wọn sì jẹ́ Hausa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, Yorùbá lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà.

Ìtàn rẹ̀ dá lórí ọmọbìnrin kékeré kan. Tẹ̀sùbáà ìyá ìyá rẹ̀ já, wọ́n sì ní kí ó gbé e lọ fún ẹni tí yóò tún un sín. Ọmọ náà sọ ẹyọ kan nù lọ́nà. Ẹyọ 99 ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì fi ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa kan, irú èyí tí àwọn ará Ìlọrin máa ń lọ̀ láyé àtijọ́, dí àlàfo náà. Ojú ìyá àgbà náà kò ríran mọ́. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, bí ìka wọn bá ti kan ẹyọ yẹn, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì tún máa bá a lọ. Wọn kò sọ nǹkan kan. Ó parí síbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé ìtàn náà dára? Èmi kò rí i. Ohun tí mo rí ni “Kaka”. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́, láìsí àmì ohùn kankan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé Kaka jókòó sórí ẹní. Èmi tí mo mọ “kàkà” bí ẹni mọ owó, mo gbà pé “kàkà kí ó jókòó” ló fẹ́ kọ, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Gbólóhùn yìí kò parí.” Ìgbà tí mo dé ìlà kẹta ló yé mi pé èèyàn ni Kaka. Kàkà kí n padà lọ pa ohun tí mo kọ rẹ́ (òun gan-an nìyí), ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé orúkọ náà, tí mo ń kọ “ìyá àgbà” sí i lórí. Ọ̀rọ̀ kan ni Kaka, méjì ni ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ 300 géérégé ni ìtàn rẹ̀; àtúnṣe mi sọ ọ́ di 311. Mo tún wá kọ sísàlẹ̀ pé ìtàn náà ti kọjá ìwọ̀n, àti pé kí ó jọ̀wọ́ lo Yorùbá tó péye. Ní ti ìparí, mo ní kí ìyá àgbà sọ ọ́ lẹ́nu pé òun mọ̀, kó lè yé olùkà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà la ṣe ìdánwò kékeré kan lórí ẹ̀ka-èdè. Mo kọ ojú ewé méjì pé kò sí ẹ̀ka-èdè tó sàn ju òmíràn lọ, pé Yorùbá àjùmọ̀lò fúnra rẹ̀ kò já bọ́ láti ọ̀run: èèyàn ló jókòó ṣe é, láti orí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, dé orí ìpàdé lórí àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875. Mo fi ọ̀rọ̀ àyálò tó gba ọ̀dọ̀ Hausa wọlé ṣe àpẹẹrẹ: wàhálà, tálákà, ràkúnmí, àlùbọ́sà. Máàkì tí mo gbà dára gan-an. Mo sì ti lo àlùbọ́sà nínú ìtàn tèmi rí, kò sẹ́ni tó fagi lé e.

Nígbà tó di Sátidé, mo ka gbogbo àtúnṣe mi sókè ketekete. Ọ̀rẹ́ mi ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Òfin ti ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́. Nígbà tí gbogbo wa parí, mo bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní rárá, ẹ ṣeun.

Kò wá ní Sátidé kejì. Kò wá ní ìkẹta, kò wá ní ìkẹrin. Ẹnì kan láàárín wa ní kò lè gba ìbáwí ni, pé ẹni tó bá fẹ́ di òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ní awọ tó yi. Mo mi orí. Ẹ wò ó, ó tù mí lára láti mi orí lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ àṣekágbá ló gbé mi dé inú ìwé tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá, The Content and Form of Yoruba Ijala, tó jáde ní 1966. Nǹkan mìíràn ni mo ń wá nínú rẹ̀. Mo wá kan ibi tó ti ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sun. Etí wọn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rò pé ó ti ṣì í sọ, á dá a dúró, á ní kò rí bẹ́ẹ̀, á sì sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú mi gbé ìwé náà kalẹ̀: ẹni tó ń sun ìjálá náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lóhùn lójú agbo, kó ní ohun tó ṣojú òun lòun ń sọ, kí oníkálùkù máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Àwọn ọdẹ ti ń ṣe èyí kí Iowa tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀! Ní Amẹ́ríkà gan-an, àwọn kan ti ń ráhùn sí òfin ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Matthew Salesses kọ odindi ìwé kan tó tako irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2021.

Mo wá ronú kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi tiwa, tó ṣe lámèyítọ́ ìwé Fágúnwà jáde ní 1974. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Fágúnwà ti kú nígbà náà. Òkú kò lè fèsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi jókòó níwájú mi láàyè, mo sì bá a lò bí òkú.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo wọ ọkọ̀ láti Tánkẹ̀ dé Póòsì Ọ́fíìsì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Gàmbàrí. Mo ra ọsàn dání. Ìyá ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, tẹ̀sùbáà náà ni mo kọ́kọ́ wò. Oníke aláwọ̀ ewé ni, gbogbo ẹyọ rẹ̀ rí bákan náà, ojú wọn sì ríran kedere. Ọ̀rẹ́ mi rí ibi tí ojú mi lọ, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìtàn ni mo kọ o,” ó ní.

Ó sọ orúkọ mi fún wọn. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ìwọ lo ní kí wọ́n má pè mí ní Kàká mọ́?”

Mo tún dọ̀bálẹ̀.

“Kí ni wọn ó wá máa pè mí?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ìyá àgbà ni mo kọ.”

“Ìyá àgbà ta ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Lédè Hausa, kaka ni òbí tó bí òbí ẹni, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ṣùgbọ́n Kàká fúnra wọn kò gbọ́ Hausa ju kíkí lọ. Ìyá tó bí wọn náà, Yorùbá ló ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé nínú gbogbo èdè tí àwọn baba ńlá wọn gbé wá sí Ìlọrin, orúkọ yẹn nìkan ló kù nínú ilé wọn. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú mi, ó ń bó ọsàn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà la ti tún ìtàn náà kà, èmi àti òun. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń sọ, ó ń fèsì. Ó gbà pé ó yẹ kí àmì ohùn wà lórí Kàká. Ó fi sí i, mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ní ti ìparí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí Kàká inú ìtàn bá sọ pé òun mọ̀, ọmọ náà á rí àyè bẹ̀bẹ̀, wọ́n á dárí jì í, ọ̀rọ̀ á tán. Òun kò sì fẹ́ kó tán. Bí mo bá jẹ́ kó sọ èyí ní Sátidé àkọ́kọ́, bóyá ǹ bá ti mọ ohun tó ń ṣe.

A ti yí òfin padà báyìí. Ẹni tó bá kọ ìtàn lè dáhùn níbi tó bá ti fẹ́. Kò rọrùn o. Ìpàdé tó máa ń gbà wá ní wákàtí kan ti ń di mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wa ti sọ ọ́ di àṣà pé bó ṣe wù òun láti kọ ọ́ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣì kọ lásán. Láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi ka ìtàn tèmi, ó ní ìyá tí mo pa sínú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó kú kí olùkà lè sunkún. Mo fèsì fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí mo ṣe ń fèsì lọ ni mo ń gbọ́ ara mi pé irọ́ ni mo ń pa. Nígbà tí mo délé, mo jí ìyá náà dìde.

Kàká ní kí a máa wá ṣe ìpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn, ibẹ̀ la sì ń lò báyìí. Lójú tèmi, ìparí ìtàn tẹ̀sùbáà náà ṣì yára jù díẹ̀. Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ti gbọ́.