Igi Tí Ó Wọ Aṣọ Funfun

Bí otútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbi tí mo ń gbé, àwọn ará ibí a máa jáde lọ wo òdòdó. Ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni àwa mọ̀ nílé. Ìgbà tí mo dé ibí ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn lè rìnrìn àjò, tìyàwó tọmọ, nítorí òdòdó tí kò ní jẹ èso rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn kí a tó lọ, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ṣe. Mo lè fi wákàtí méjì ṣàlàyé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ Yorùbá sí àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá mi lóhùn. Ní bí oṣù kan ṣáájú, ìyá mi pè é láti Oǹdó. Ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá àgbà ń sọ Yorùbá. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ní, "Fún bàbá rẹ ní fóònù. Èmi àti ìwọ kò gbọ́ ara wa." Wọn kò bínú, wọn kò sì pariwo. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà, a gbéra láti Maryland. Ìyàwó mi ti dín dòdò, ó sì di ìrẹsì sínú abọ́. A wọ ọkọ̀ ojú irin, a sọ̀ kalẹ̀ ní Smithsonian ní ìlú Washington, a sì fẹsẹ̀ rìn dé etí omi tí wọ́n ń pè ní Tidal Basin. Èrò pọ̀ bí ọjọ́ ọjà. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin, ti ní ẹsẹ̀ ń dun òun kí a tó rí igi kan ṣoṣo. Ó di kí n gbé e lé èjìká. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ sí etí omi, gbogbo wa dákẹ́. Àwọn igi náà kò tíì ní ewé, síbẹ̀ òdòdó bo gbogbo ẹ̀ka wọn. Ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Ọmọkùnrin mi fẹ́ fa ẹ̀ka kan wálẹ̀. Mo sọ fún un pé òfin kò gbà kí a já òdòdó lórí igi. Ó bá ń ṣa èyí tí ó ti bọ́ sílẹ̀ sínú àpò rẹ̀, ó ní ti Màmá Oǹdó ni.

Àwọn igi yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti wá. Sakura ni orúkọ wọn níbẹ̀. Ní 1910, igi 2,000 ni ìlú Tokyo kọ́kọ́ fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, ṣùgbọ́n kòkòrò àti àrùn ti bá wọn jà, ó sì di dandan kí wọ́n dáná sun wọ́n. Tokyo kò torí èyí bínú. Ó tún fi 3,020 mìíràn ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà, 1912, Helen Taft, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, àti ìyàwó aṣojú ilẹ̀ Japan gbin méjì àkọ́kọ́ sí etí omi yìí.

Ọmọbìnrin mi bi mí léèrè, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ni igi náà ń jẹ́ ní Yorùbá. Cherry ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Cherry náà sì ni àwa ọmọ Nàìjíríà ń pe àgbálùmọ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí a kúkú pè é ní àgbálùmọ̀. Mo ní wọn kì í ṣe ìbátan. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi: pé òdòdó ni èyí tí a ń wò, pé a tún ń pè é ní ìtànná, pé láti ara "tan" àti "iná" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí ẹni pé igi tan fìtílà. Kí n tó dé orí ìpajẹ fáwẹ́lì, ọmọ ti lọ wo pẹ́pẹ́yẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Ìyá mi ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Oǹdó. Ọmọ gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi í pé níbo ni a wà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, a wà ní ibi igi. Igi yẹn wọ aṣọ funfun. Kò ní ewé." Ohùn rẹ̀ yẹ̀ lórí "ewé" títí ó fi fẹ́ di "èwe". Mo la ẹnu láti tún un ṣe. Ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi, mo pa á dé.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ funfun kẹ̀? Ṣé igi náà ń ṣe ìyàwó ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá! Wọ́n pọ̀ gan-an."

"Igi kòkó tèmi kì í wọ aṣọ o. Ara igi gan-an ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, ó kéré bí èékánná rẹ."

"Ara igi? Mo fẹ́ rí i!"

Wọ́n sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mo ti ń sọ èdè sí ọmọ mi bí ẹni tí ń ṣe ìdánwò fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ó rí ohun tí Màmá kò rí rí, Màmá sì ní ohun tí òun kò rí rí; Yorùbá nìkan ni ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn.

Ìtàn sakura ṣì kù díẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọgbà igi ní Adachi, létí odò Arakawa, níbi tí ìran àwọn igi Washington ti ṣẹ̀, bàjẹ́. Ní 1952, Japan bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, Amẹ́ríkà sì gé ẹ̀ka lára àwọn ti Washington ránṣẹ́ padà kí ọgbà náà lè sọjí. A máa ń sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Níhìn-ín, orísun ni ó fẹ́ gbẹ, odò ni ó gbé omi padà wá.

Òdòdó tí ọmọkùnrin mi ṣà fún Màmá ti bá ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń pe Oǹdó fúnra rẹ̀, èmi a sì jókòó sí yàrá kejì, n kò ní tún ohùn kankan ṣe. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun, ẹ wá ohun tí ọmọ yín yóò fẹ́ ròyìn fún àwọn ará ilé. Ó dìgbà kan ná.