Ọbẹ̀ Tí Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Sè

Nígbàkígbà tí a bá wá sílé fún ọdún Iléyá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa yí wa ká lẹ́yìn tí a bá ti kírun Yídì tán. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: "Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, báwo ni àṣà àwọn òyìnbó ọ̀hún ti rí gan-an?" Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀rín la fi máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tó ohun tí ènìyàn ń fara balẹ̀ dáhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ wa. Ìdí rèé tí a fi jókòó kọ ìwọ̀nba tí a mọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Tọkọtaya ni àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1996 ni orúkọ wa jáde nínú lọ́tìrì físà. Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1990 ló dá lọ́tìrì náà sílẹ̀, láti fi gba àwọn ènìyàn wọlé láti àwọn orílẹ̀-èdè tí èrò wọn kò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Náíjíríà jàǹfààní rẹ̀ títí wọ́n fi yọ orílẹ̀-èdè wa kúrò nínú ti ọdún 2015, nítorí pé àwọn tó ti wọlé láti ọ̀dọ̀ wa ti pọ̀ ju iye tí òfin fàyè gbà lọ. A kó ọmọ wa méjèèjì dání, ọkùnrin ọmọ ọdún méje àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, a sì fi ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ṣe ibùgbé.

Nígbà tí ọmọbìnrin wa dé kíláàsì kẹta, olùkọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí gbogbo òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ ìdílé rẹ̀ wá sí iléèwé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Inú wa dùn. A rẹ ẹ̀wà, a bó o, a lọ̀ ọ́, a sì dín àkàrà láàárọ̀ kùtù. Ìgbà tí ọmọ rí àwo àkàrà ló bú sẹ́kún. Ó ní òun kò ní gbé e. Ó ní písà ni kí a rà fún òun, nítorí pé písà ni oúnjẹ Amẹ́ríkà, àti pé bí àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe ń fi orúkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọn yóò ṣe fi oúnjẹ òun náà ṣe é. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí a kò lè gbàgbé: "Mọ́mì, ṣé ẹ kò lè jẹ́ kí n dà bí àwọn tó kù ni?"

Ìyá rẹ̀ ló bá a gbé àwo náà dé iléèwé. Nígbà tí wọ́n to gbogbo oúnjẹ sórí tábìlì, oríṣiríṣi ni. Ẹni tó gbé písà wá, ọmọ ìdílé tó ti Ítálì wá ni, nítorí pé Ítálì ni písà ti wá, àwọn ará ibẹ̀ ló sì gbé e dé New York. Àwọn ọmọ Mexico gbé taco wá. Ọmọ kan tí ìran rẹ̀ jẹ́ Jámánì gbé hamburger wá, oúnjẹ tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Hamburg ní Jámánì. Àgbàdo sísè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbàdo yìí, ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ gan-an ló ti wá, àwọn tó ti wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni àgbàdo tí à ń fi ṣe ògì nílé wa náà ti wá.

Ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan tẹ̀lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n ti wá, ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní gumbo ni wọ́n sì gbé wá. Ìyá yìí jẹ àkàrà kan, ó tún mú òmíràn. Ó bi wá pé irú ẹ̀wà wo ni. Nígbà tí a júwe rẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ̀wà tí màmá mi máa ń sè fún wa ní ọjọ́ kìíní ọdún nìyẹn! Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá ni?"

A kò mọ èsì tí a ó fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ lé wa lọ sí ilé ìkàwé, ibẹ̀ la sì ti rí i pé òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà yẹn ti kọ́kọ́ di ohun ọ̀gbìn, ọkọ̀ ẹrú ló sì gbé e kọjá òkun. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọbẹ̀ ilá náà, èdè àwọn ará Angola ló ti wá. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe ilá fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Ígbò ni wọ́n ti mú un. Àwọn tí wọ́n so ní ẹ̀wọ̀n wá, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n mú ohunkóhun dání, àwọn náà ló kọ́ ìlú ní ọbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kì í ṣe gbogbo àlejò ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1619 ni wọ́n kó àwọn ọmọ Áfíríkà kan dé Virginia, ó sì lé ní igba ọdún tí òwò burúkú náà àti oko ẹrú fi wà. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ọ̀kan ni Omar ibn Said, ọmọ Futa Toro ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Senegal lónìí, ẹni tó ti kéwú jinlẹ̀ kí wọ́n tó kó o dé Charleston ní ọdún 1807. Ní ọdún 1831, ó fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ìwé náà sì wà ní ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wọn ní Washington. Òmíràn ni Bilali, ẹrú ní erékùṣù Sapelo ní Georgia. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, inú Risala Ibn Abi Zayd ló ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìwé kan náà tí àwọn ààfáà wa ń kọ́ ọmọ kéwú títí dòní. Nígbà tí a ka èyí, a wo ara wa lójú. Àwa tí à ń bẹ̀rù pé àlejò tuntun ni ẹ̀sìn wa jẹ́ ní ilẹ̀ yìí, àṣé ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń pè ní ti ìbílẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ìlú náà fi ọ̀yàyà gba gbogbo ẹni tó wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ṣáínà ló bá wọn la ojú irin rélùwéè kọjá àwọn òkè apá ìwọ̀-oòrùn, èyí tó parí ní ọdún 1869. Ní ọdún 1882, wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà má wọlé mọ́, òfin náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1943. Ní ọdún 1924, wọ́n ṣe òfin mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó pa ètò ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn rẹ́. Láìsí òfin yẹn, àwa kọ́ là bá máa sọ ìtàn Houston fún yín lónìí.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn àlejò wọ̀nyí fi kún ìlú. Ṣòkòtò jíǹsì tí gbogbo ọ̀dọ́ ayé ń wọ̀, Levi Strauss tó ti Jámánì wá àti Jacob Davis, télọ̀ tó ti Riga wá, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1873. Irving Berlin, Júù tí wọ́n bí sí ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà, ló kọ orin God Bless America, tí wọ́n ń kọ bí ẹni pé ilẹ̀ náà ló hù ú. Ilé alájà 110 tó wà ní Chicago, tí kò sí èyí tó ga tó o láyé títí di ọdún 1998, Fazlur Rahman Khan ni ẹnjiníà tó ronú bí yóò ṣe dúró tí afẹ́fẹ́ kò fi ní bì í lulẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí láti Dhaka ni. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, kàwé lọ sí Atlanta ní ọdún 1950. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, ìlù àti orin Yorùbá rẹ̀ ti wọnú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú jọ ń rà.

Ní Houston tiwa, Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, ni gbogbo ọmọdé ń fẹ́ jọ nígbà tí a débẹ̀. Òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n ìlú náà gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1994 àti 1995. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí oṣù kejì ọdún 1995. Ó gba ààwẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ nínú oṣù náà. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ Mùsùlùmí kankan rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ààwẹ̀ jẹ́. Kò wàásù fún wọn. Ó kàn ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ sítáǹpù kan jáde fún ọdún àwa Mùsùlùmí. Mohamed Zakariya, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ló fi àwọ̀ wúrà kọ ìkíni Yídì ní Lárúbáwá sórí rẹ̀. A rà á. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni jàǹbá New York àti Washington ṣẹlẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wò wá yí padà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ gún wa lára ní ọjà, àwa náà sì fi sítáǹpù yẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fi tiwọn pamọ́. Wọ́n tún un tẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Nígbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ń bọ̀, ọmọbìnrin wa, ọmọ tó sunkún nítorí àkàrà, kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Fúnra rẹ̀ ló lọ mú sítáǹpù náà jáde, ó sì lẹ mẹ́ta mọ́ ọn.

Nígbà tí ìyá wa gba lẹ́tà náà, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè kà níbẹ̀ ni Lárúbáwá orí sítáǹpù, nítorí pé ilé kéwú ni wọ́n lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi kọ ìyókù. Àwa la jẹ̀bi. Ní ọdún 1997, olùkọ́ kan ní iléèwé ọmọkùnrin wa gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má sọ Yorùbá sí i nílé mọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè já geere. A gbọ́ràn kíákíá, bí ẹni pé ẹrù lẹ́nì kan sọ̀ fún wa. Kò sí ẹni tó fi òfin dè wá. Ìyá wa kú ní ọdún 2009. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn àti ọmọkùnrin wa lè bá ara wọn sọ lórí fóònù ni "Ẹ kú ilé, Mọ́mọ́." Àwọn a máa ṣàdúà lọ rẹrẹ fún un, òun a máa ṣe "àmín, àmín", kò sì mọ ohun tó ń ṣàmín sí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. A sọ ọmọ lórúkọ, àmọ́ a kò wo ilé mọ́. Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin wa yìí, tó ti di bàbá ọmọ, bi wá pé ṣé a lè máa sọ Yorùbá nìkan sí ọmọ òun. A ń ṣe é. A sì ṣàkíyèsí pé òun náà a máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a máa tẹ́tí.

Nítorí náà, èsì ìbéèrè yín rèé. Àṣà Amẹ́ríkà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ sè ni: èyí mú iyọ̀ wá, èyí mú ilá wá, wọ́n fi tipátipá gba ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wá ní ọwọ́ òfo, jíjẹ nìkan ló mọ̀, kò lè tọ́ka sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ẹ̀yà fi pọ̀ láyé, kó lọ wo áyà 13 nínú Súrà Al-Hujurat. Bí ẹ bá ń lọ sí òkè òkun, ẹ kọ́ èdè wọn, ẹ pa òfin wọn mọ́, ẹ jẹ oúnjẹ wọn tó bá jẹ́ hálààlì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwo àkàrà yín dání, kí ẹ sì má tijú láti gbé e sórí tábìlì.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kó sì forí jin ìyá wa. Àmín.