Owó Kíìkì Ìyá Olóúnjẹ

Èmi ni mo jẹ́ kí Ìyá Olóúnjẹ ta mọ́tò rẹ̀ lọ́pọ̀, nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n là á sọ.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe ní Igbó-Elérin, l'Ékòó. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ìyá náà ń sè, tó sì ń kó kúlà rẹ̀ sínú Camry àlòkù kan lọ sí ìtòsí géètì yunifásítì LASU kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wọlé. Nígbà òjò kan, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagídí láàárọ̀. Bó bá yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fà bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn á kàn dún "tá" lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Tó bá di ọ̀sán, á jí.

Mo tẹ́tí sí i, mo ní, "Màmá, kíìkì ti kú." Mi ò gbé mítà, mi ò sì fọwọ́ kan wáyà kankan. Mo lọ ra kíìkì tòkunbọ̀ ní ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tó wà nínú Trade Fair. Iye tí mo rà á kọ́ ni mo sọ fún un.

Mọ́tò ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ló sì tàn mí jẹ. Kí n tó yọ kíìkì, mo ní láti tú orí bátìrì. Wáyà mì, ó sì fara kan irin díẹ̀. Èmi rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló tún un ṣe. Nígbà tí àìsàn náà padà dé, mo ní bátìrì ni. Ó ra tuntun. Ó tún padà dé, mo ní ó ní láti jẹ́ pọ́ńpù epo.

Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ pọ́ńpù. Bí epo ò bá dé, ẹ́ńjìnnì á yí geere, kò kàn ní gbaná ni. Ọ̀gá mi kọ́ mi dáadáa. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen lọ́nà Àgbádárìgì níbí, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle lọ́dún 1975, àṣẹ rẹ̀ kò sì yí padà: wọn iná kó o tó tú nǹkan kan.

Mọ́tò kú mọ́ ìyá náà lọ́wọ́ nínú gosìlóò Ìyànà-Ìbà, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti ọdún 2009, pẹ̀lú oúnjẹ nínú búùtù. Oúnjẹ náà kan. Ó sú u, ó tà á fún ẹni tó kọ́kọ́ dá owó lé e.

Ẹni tó rà á gbé e lọ bá ọmọkùnrin ríwáyà kan, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ríwáyà náà wọn bátìrì: 12.6 volt, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wá fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gẹ́tíìfù, èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí mítà má kọjá 0.5 volt, àmọ́ ó lé ní 2. Kíìkì lè fa iná tó ju 100 amp lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gba wáyà earth padà sí bátìrì.  Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gé rọ́bà wáyà náà. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti jẹ gbogbo inú rẹ̀, okùn kọ́pà bíi mélòó kan péré ló kù tó so ó mọ́ bọ́dì. Omi ẹrẹ̀ àdúgbò wa ló ṣe é. Ó pààrọ̀ wáyà, mọ́tò jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo dúró tì wọ́n. Mi ò sọ pé mo mọ mọ́tò náà rí.

Àwọn kan lè ní àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣe é? Àmọ́ kí n sọ òótọ́: èrè wà nínú kíìkì, kò sí nínú wíwọn. Oníbàárà kì í fẹ́ sanwó kí ẹnìkan wulẹ̀ fi mítà kan wáyà, ó sì rọrùn fún mi láti ta nǹkan fún un. Láti ìgbà náà, mítà ni mo kọ́kọ́ ń mú dání, mo sì ń pe ẹni tó ni mọ́tò kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Mo lọ bá Ìyá Olóúnjẹ nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí owó tí mo fi lé kíìkì. Ó pẹ́ kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dá owó kíìkì mi padà. Èyí tí mò ń san fún oníkẹ̀kẹ́ láràárọ̀ ńkọ́?"

Mo ti san ti kíìkì tán. Mò ń san ti bátìrì díẹ̀díẹ̀. Ti mọ́tò ni mi ò tíì rí bí mo ṣe máa san.