Òkúta Ìyá Mi

Títí di ọdún tó kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe, mo máa ń sọ pé oníṣòwò ni wọ́n. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Òkúta ni ìyá mi ń fọ́ tà ní Abẹ́òkúta. Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Èmi náà máa ń bá wọn fọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọmọ iléèwé wa lọ́nà, ẹ̀yìn òkìtì òkúta ni mo máa ń sá sí.

Ní sáà kejì, olùkọ́ Jọ́gíráfì wa ní kí kálukú mú òkúta kan wá. Ti ìyá mi ni mo mú, n kò sì sọ ibi tí mo ti rí i. Ẹnì kan mú òkúta funfun wá láti Ewékorò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Àmì ìkarahun wà lára rẹ̀.

Olùkọ́ wa ní ayé ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún. Wọ́n ní ká sọ pé ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní. Ìparí oṣù Kẹta ni a ó tó rí ipa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ó di oṣù Kẹfà kí ọ́síjìn tí irú wọn ń tú jáde tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni àwọn dáínósọ̀ pa rẹ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, òkun ṣì bo Ewékorò. Ìkarahun àwọn ẹran inú rẹ̀ wà lára ohun tó di òkúta funfun náà. Àwa ènìyàn ńkọ́? Ó ku nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ọdún parí kí a tó dé!

Bí wọ́n ṣe gbé òkúta tèmi sókè, ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí táwọn ìyá ń fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà nìyẹn.”

Olùkọ́ wa yí i sí oòrùn, ó ń dán. Wọ́n ní, “Gíránáìtì ni. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti yọ́ bí òrí lórí iná, tó sì rọra dì. Ó ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Nígbà náà, kò tíì sí koríko, kò tíì sí ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀. Ta ló mú un wá?”

Ọ̀fun mi gbẹ. Mo ní, “Èmi ni, sà. Ìyá mi ló ń fọ́ ọ.”

Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Abájọ tó fi le!” Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè pé, “Ṣé ó máa ń hù padà?”

Mo ní, “Rárá, màámi.”

Wọ́n wo àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa títí. “A jẹ́ pé yóò tán lọ́jọ́ kan nìyẹn. Tètè kàwé rẹ, ọmọ mi.”

Bí wọ́n bá béèrè lónìí, mo máa ń dáhùn pé òkúta ni ìyá mi ń fọ́. Iṣẹ́ wọn ló ń san owó iléèwé mi. N kì í sá sẹ́yìn òkìtì mọ́.